Kátálíìsì fàdákà orí álúmínà

Kátálíìsì ni ohun tó ń mú kí kẹ́míkà yí padà kíákíá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán. Kátálíìsì fàdákà orí álúmínà ni fàdákà lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ ara òrùka kéékèèké tí wọ́n fi álúmínà (álúmíníọ̀mù tó ti gba ọ́ksíjìn) ṣe. Ó ń jẹ́ kí átọ́mù ọ́ksíjìn kan péré wọ inú ẹ́tílìnì, kó di ẹ́tílìnì ọ́ksáìdì, tí wọ́n fi ń ṣe kúláǹtì mọ́tò àti aṣọ pọ́líẹ́sítà, tí wọ́n sì ń fi gáàsì rẹ̀ pa kòkòrò àrùn lára síríńjì.

Ẹ́tílìnì kò ṣàjèjì l'Ákùúrẹ́: gáàsì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú jáde bó ṣe ń pọ́n ni, òun ló ń ṣiṣẹ́ bí àwọn ọlọ́jà Ọjà Ọba bá di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ inú àpò. Ti ilé iṣẹ́, inú epo rọ̀bì àti gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i.

Lefort, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi fàdákà sọ ẹ́tílìnì di ọ́ksáìdì ní 1931. Ilé iṣẹ́ Union Carbide l'Amẹ́ríkà sọ ọ́ di iṣẹ́ òwò ní 1937.

Kí ẹ́tílìnì gba ọ́ksíjìn kọ́ ló ṣòro, kó gbà á kó má jóná tán ni. Móòlù ẹ́tílìnì kan (òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń ka iye nǹkan) tó di ọ́ksáìdì ń tú ooru bíi 105 kìlójúùlù jáde. Èyí tó bá jóná tán ń tú bíi 1,320. Bí jíjó bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, ooru á gorí ooru títí apá kò fi ní ká a mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kó kátálíìsì náà sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi tàbí òróró yí ká, ní 220 sí 280 °C.

Irú álúmínà kan tó ń jẹ́ álúmínà álífà ni wọ́n ń lò, tí ojú gíráàmù rẹ̀ kan kò ju bíi mítà onígun mẹ́rin kan lọ. Ojú púpọ̀ kò dáa níbí: ọ́ksáìdì tó há sínú ihò tóóró á jó kó tó ríbi jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kátálíìsì náà nìyí: wọ́n á po fàdákà ọ́ksálétì, iyọ̀ fàdákà kan, mọ́ omi àti kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ẹ́tílìnìdáyámíìnì, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ihò òrùka jáde, wọ́n á rì í sínú rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yan án títí yóò fi ku fàdákà nìkan, lára òrùka náà, bíi 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kátálíìsì náà. Ọ́ksálétì gbígbẹ kò ṣeé fi ṣeré; bí ooru bá rà á, ó lè bú gbàmù.

Irin kan tó ń jẹ́ késíọ̀mù, díẹ̀, bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú mílíọ̀nù, ń dín jíjó kù, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń pa kátálíìsì. Nítorí jíjó yìí kan náà, wọ́n tún ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ẹ́tíìlì kíláráìdì, tí kò tó nǹkan, sínú gáàsì. Súfúrù ń ba fàdákà jẹ́. Gáàsì asẹ́tílìnì burú jù: ó lè bá fàdákà di ohun tó ń bú gbàmù. Bọ́dún ti ń gorí ọdún, hóró fàdákà á máa so pọ̀, wọ́n á sì máa fi ooru kún un kí iṣẹ́ má bàa falẹ̀.

Própílìnì, gáàsì kan tó jọ ẹ́tílìnì, kò gba ọ̀nà yìí dáadáa. Háídírójìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lẹ̀ dan-in, òun ni ọ́ksíjìn ń kọ́kọ́ já, gbogbo rẹ̀ á sì jóná. Bútádáyíìnì, gáàsì mìíràn, kò ní irú háídírójìn bẹ́ẹ̀, nítorí náà fàdákà tó ní késíọ̀mù ń ṣiṣẹ́ fún un.