Kí ló dé tí a kì í lè sọ BIOS server dọ̀tun láti inú Windows tó wà lórí ESXi?

Àbúrò kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ṣágámù ló béèrè. Server Dell tókúnbọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. ESXi, sọ́fítíwíà VMware tó ń pín server kan sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n gbé sórí irin rẹ̀ ní tààrà, láìsí Windows tàbí Linux lábẹ́, Windows mẹ́ta sì ń ṣiṣẹ́ lórí ESXi náà. Ó dáńlóòdù BIOS tuntun (ètò tó ń jí server kí ESXi tó bẹ̀rẹ̀), ó tẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀kan nínú àwọn Windows yẹn, ó ní kò bá ẹ̀rọ mu.

Ẹ̀gbọ́n, server Dell ni, fáìlì Dell ni mo gbé fún un. Kí ló wá ń kọ̀ sí?

Windows rẹ ò rí server yẹn rí. Ohun tí ESXi gbé síwájú rẹ̀ ló ń rí: mọ́dábọ́ọ̀dù àgbélẹ̀rọ (èyí tí sọ́fítíwíà ṣe, tí kò ṣeé fọwọ́ kàn), BIOS àgbélẹ̀rọ, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àgbélẹ̀rọ. Ṣí System Information nínú rẹ̀ kí o wo orúkọ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ: VMware lo máa rí níbẹ̀, kì í ṣe Dell. Ayálégbé ni, kò lè ti inú yàrá tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Bí Windows kan bá lè fọwọ́ kan BIOS gidi, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó bá wọ inú rẹ̀ á ba ti àwọn yòókù jẹ́ mọ́ ọn.

Ṣé kí n wá gbé e fún ESXi fúnra rẹ̀?

ESXi kì í ṣe Windows, kì í sì í ṣe Linux. Kò mọ ohun tó máa fi .exe, fáìlì tí a ṣe fún Windows, ṣe. (Ó rọ ẹni tó ń lo Proxmox, sọ́fítíwíà mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ ESXi, lọ́rùn díẹ̀, Debian, irú Linux kan, ló wà lábẹ́ tiẹ̀, ètò kan tó ń jẹ́ fwupd sì lè bá a ṣe é fún àwọn ẹ̀rọ kan.) Ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbà, ìyẹn iDRAC. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni lórí mọ́dábọ́ọ̀dù kan náà, ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí o bá tiẹ̀ pa server, níwọ̀n ìgbà tí wáyà iná bá wà nídìí rẹ̀, iDRAC ò sùn. Ṣí àdírẹ́sì yẹn nínú browser, lọ sí Maintenance, kí o wọ System Update. Fáìlì .exe tí Windows kọ̀ yẹn gan-an ni kí o gbé fún un, á gbà á, torí firmware (ètò inú chip, bíi BIOS) inú rẹ̀ nìkan ló máa yọ, kò ní tẹ̀ ẹ́ bí Windows ṣe ń tẹ̀ ẹ́. HPE ń pe tiwọn ní iLO, Lenovo ń pe tiwọn ní XClarity Controller. Ti iDRAC fúnra rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ dọ̀tun, kí BIOS tó tẹ̀ lé e.

Ṣé àwọn Windows mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣì máa ṣiṣẹ́?

Bó bá jẹ́ ti iDRAC ni, bẹ́ẹ̀ ni, òun nìkan ló máa kú tó máa jí. Ti BIOS, káàdì RAID (tó ń so díìsìkì pọ̀ kí iṣẹ́ má dúró bí ọ̀kan bá kú) àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò rí bẹ́ẹ̀, odidi server ló máa kú. Ẹni tó ní server méjì àti vCenter, sọ́fítíwíà tó ń darí ọ̀pọ̀ ESXi pọ̀, á kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sórí èkejì, iṣẹ́ ò ní dúró. Tìrẹ á dúró. Ṣe ẹ̀dà gbogbo nǹkan sórí díìsìkì tí kì í ṣe ti server yẹn. Snapshot, ìyẹn ipò Windows tí ESXi bá ọ tọ́jú, ò tó, orí díìsìkì kan náà ló wà. Ti inú Windows kọ̀ọ̀kan pa á, kí o sì fi ESXi sí maintenance mode (ipò àtúnṣe). Lójú ewé iDRAC, má tẹ Install and Reboot, Install Next Reboot ni kí o tẹ̀, kó lè jẹ́ ìwọ lo máa sọ ìgbà tí server máa kú.

Iná ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí BIOS tuntun bá ń wọlé, ńṣe ni wọ́n ń pa ohun tó wà nínú chip rẹ̀ rẹ́ tí wọ́n ń kọ òmíì sí i. Bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ìdajì àtijọ́ ìdajì tuntun ló máa kù síbẹ̀. Àwọn ProLiant, server HPE, máa ń ní ẹ̀dà BIOS kejì nípamọ́, àmọ́ má gbójú lé ìyẹn. Tan jẹnẹrétọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Bí server bá ní power supply méjì, má ki méjèèjì bọ UPS kan. Dán UPS náà wò ṣáájú: nígbà tí àwọn Windows bá ti kú, fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri kí o wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ UPS tí mo ń rí ní ọ́fíìsì wa, bátìrì inú wọn ti kú tipẹ́, iná ara wọn ṣì ń tàn.

Àwọn kan á ní ọjọ́ Ojúde Ọba ló dáa jù, gbogbo ọ́fíìsì ti tì. Èmi ò gbà. Bí server bá kọ̀ tí kò jí, ta lo fẹ́ pè? Gbogbo wa ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde nínú aṣọ ẹgbẹ́, ta ló máa gbọ́ fóònù láàárín ìlù àti ẹṣin? Àárọ̀ Sátidé ni kí o ṣe é, Ìkẹjà ṣì ṣí bí o bá nílò ohun èlò kan.

Fáànù á pariwo, ojú iṣẹ́ á dúdú, wàá rò pé ó ti kú. Má fọwọ́ kan bọ́tìnì. Wo Job Queue nínú iDRAC, ibẹ̀ lo ti máa rí ibi tó dé.

Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn án fún?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, HPE kéde pé àwọn SSD kan (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) tí àwọn tà máa kú bí wọ́n bá ti pé wákàtí 32,768 lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, àfi bí a bá fi firmware tuntun sí wọn. Ohun tó wà nínú wọn ò sì ní ṣeé gbà padà. RAID ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, torí díìsìkì tí a jọ tàn lọ́jọ́ kan náà á jọ kú ni. Tókúnbọ̀ sì nìyí, ẹlòmíì ti lo nínú wákàtí rẹ̀ kó tó dé Ṣágámù.

Síbẹ̀, má sáré jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, nígbà wàhálà Spectre, àléébù ààbò inú processor, microcode (àtúnṣe fún processor) tí Intel gbé jáde ń mú kí àwọn server kan máa kú tí wọ́n ń jí fúnra wọn, Intel fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá a dúró. Ka ìwé tó bá firmware wá. Bó bá mẹ́nu kan ààbò tàbí ìpàdánù data, ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì ṣáájú.

Tó bá ti jí ńkọ́?

BIOS tuntun lè dá sẹ́tíńgì padà sí ti ilé iṣẹ́. Fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o wá fi wé e lẹ́yìn náà: VT-x àti VT-d tó ń ran ESXi lọ́wọ́, UEFI tó jẹ́ ọ̀nà tó fi ń bẹ̀rẹ̀, àti díìsìkì tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní TPM (chip tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́), tó sì jẹ́ ESXi 7.0 Update 2 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi `esxcli system settings encryption recovery list` gba kọ́kọ́rọ́ ìràpadà rẹ̀ ṣáájú, kọ ọ́ sínú ìwé. Fún káàdì RAID àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wò ó nínú Compatibility Guide Broadcom, ilé iṣẹ́ tó ni VMware báyìí, bóyá firmware tuntun náà bá dráífà tí ESXi rẹ ń lò mu. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà bó ṣe yẹ, yọ ọ́ kúrò ní maintenance mode, kí o kọ́kọ́ tan Windows tí fáìlì wà lórí rẹ̀, kí ti ìwé owó tó tẹ̀ lé e.