Bí fóònù ṣe ń sọ ara ẹ̀ di PSP

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá PES, géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, lórí fóònù Android ò fojú kan PSP rí, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù alágbèéká. Áàpù kan tó ń jẹ́ PPSSPP ni wọ́n dà sórí fóònù, wọ́n wá fáìlì ISO géèmù yẹn (ẹ̀dà odidi géèmù nínú fáìlì kan), wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, ó parí. Àmọ́ téèyàn bá jókòó rò ó dáadáa, nǹkan àrà ni o, torí wọn ò ṣe géèmù yẹn fún fóònù, PSP tí Sony gbé jáde ní 2004 nìkan ló mọ̀, ó sì dá a lójú ṣáká pé inú PSP lòun ṣì wà. Irú áàpù bíi PPSSPP tó tàn án jẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní ẹ́múlétọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Inú èdè Látìn ló ti wá, aemulari, kì í sì í ṣe kéèyàn kàn ṣe bí ẹlòmíì ló túmọ̀ sí, ìdíje wà nínú ẹ̀: o wo ẹni tó mọṣẹ́, o ṣe bíi tiẹ̀ títí o fi bá a dọ́gba, tó bá sì ṣeé ṣe kó o kọjá ẹ̀. Nínú Yorùbá náà, ẹni tó ń sín èèyàn jẹ yàtọ̀ sẹ́ni tó fèèyàn ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ tó ń sín ọ̀gá ẹ̀ jẹ, ohùn ọ̀gá àti ìrìn ọ̀gá ló ń ṣe, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á rẹ́rìn-ín, kò kan aṣọ rárá. Èyí tó fi ọ̀gá ṣàwòkọ́ṣe, aṣọ ló máa rán, títí kọ́sítọ́mà ò fi ní mọ èyí tí ọ̀gá rán yàtọ̀ sí tọmọ iṣẹ́. Ẹni kejì yìí ni ẹ́múlétọ̀, géèmù wá ni kọ́sítọ́mà.

Ilé iṣẹ́ IBM ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọnú kọ̀ǹpútà, nígbà tí wọ́n ń múra kọ̀ǹpútà System/360 tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin 1964. Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn ti kọ pírógíráàmù rẹpẹtẹ fún 1401, ẹ̀rọ ti 1959, ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ẹ̀ kọ? Honeywell tó ń bá wọn díje náà sì ti ń fi ẹ̀rọ tiẹ̀ fa ojú àwọn kọ́sítọ́mà 1401 mọ́ra. IBM bá ṣe é kí 360 lè máa hùwà bíi 1401 tí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé àwọn pírógíráàmù àtijọ́ yẹn tún lè yára lórí ẹ̀rọ tuntun ju orí 1401 fúnra ẹ̀ lọ.

Ó dáa, báwo ló ṣe ń ṣe é? Nọ́ńbà lásán ni pírógíráàmù lójú ṣíìpù, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ. Nínú Game Boy, ẹ̀rọ géèmù Nintendo ti 1989, nọ́ńbà 60 túmọ̀ sí pé kó fi ọ̀kan kún ohun tó wà nínú àpò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní A. Tẹ́ ẹ bá gbé 60 yẹn fún ṣíìpù fóònù, kò ní yé e bẹ́ẹ̀. Ẹ́múlétọ̀ á wá dá àpò A tiẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì fóònù, á mú nọ́ńbà kan, á wo ohun tí Game Boy ì bá fi ṣe, á ṣe é sínú àpò tiẹ̀, á mú òmíì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Ó tún gbọ́dọ̀ máa wo aago, torí àwòrán bíi 60 ni Game Boy ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí fóònù bá ṣáà ń lọ bágbára ẹ̀ ṣe mọ, géèmù á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló jọ. Pásítọ̀ sọ gbólóhùn kan lóyìnbó, ògbufọ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá, pásítọ̀ tún sọ òmíì, ìwàásù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á di wákàtí kan. Fún Game Boy kò burú, àmọ́ PSP lè sáré dé 333 MHz, ìyẹn ni pé aago ṣíìpù ẹ̀ lè lù nígbà mílíọ̀nù 333 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí PPSSPP fi máa ń túmọ̀ odidi abala kan lẹ́ẹ̀kan sí èdè ṣíìpù fóònù, á tọ́jú ẹ̀, tí géèmù bá tún padà débẹ̀ (géèmù sì máa ń padà síbi kan náà ṣáá) èyí tó ti kọ sílẹ̀ ló máa kà. Àmì tíntìntín tó ń ya àwòrán lójú PSP ò sì ju 480 sí 272 lọ, fóònù lè ya géèmù kan náà kó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ìdíje inú Látìn yẹn náà rè é.

Ibi tó le jù ni àléébù ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń fi ṣàwòkọ́ṣe. Wọ́n ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an niṣẹ́ wà, torí ohun tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣe, kódà kó jẹ́ àṣìṣe, géèmù lè ti gbára lé e láìmọ̀. Ṣíìpù Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ míì, ò dé 4 MHz, síbẹ̀ ẹni tó kọ bsnes, ẹ́múlétọ̀ ẹ̀rọ yẹn, sọ ní 2011 pé kó tó lè ṣe é pérépéré, kọ̀ǹpútà 3 GHz (ìyẹn 3,000 MHz) lèèyàn nílò. Géèmù Speedy Gonzales kan wà níbẹ̀ tó ní bọ́tìnnì kan nínú, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, géèmù á lọ wo ibi tí nǹkan kan ò sí nínú mẹ́mọ́rì. Lórí ẹ̀rọ gidi, ohun tó ṣẹ́ kù lórí wáyà ló máa rí kà, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́múlétọ̀ ìgbà yẹn, kò sóhun tó ṣẹ́ kù lórí wáyà kankan, ló bá dúró gbagidi síbẹ̀, ó ń retí èsì tí ò ní wá.