Ìṣó kọ́ ló ń mú ìbẹ́pẹ so

Bí ìbẹ́pẹ bá ń tanná láìso lẹ́yìnkùlé ẹnì kan ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ Akóbọ̀ tàbí Mọ́níyà, kì í pẹ́ tí aládùúgbò kan fi máa ní: “Akọ ni. Ẹ kan ìṣó mọ́ ọn nídìí, á di abo.” Ìmọ̀ràn yìí ò yé jáde lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sì ń dunni, torí igi tí kò ṣẹ̀ rárá ni wọ́n sábà máa ń dá lápá sí lára.

Pé ìbẹ́pẹ ní akọ, ó ní abo, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé oríṣi 3 ni. Òdòdó akọ máa ń so jọwọrọ sórí okùn gígùn tó ń fì. Ó wẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń ta sánsán lálẹ́. Òdòdó abo tóbi, ó fara mọ́ igi gbágbáágbá. Ẹ ya ewé òdòdó náà kúrò, ẹ ó bá ọmọ ìbẹ́pẹ róbótó kan nínú rẹ̀, láìsí lẹ́búlẹ́bú kankan, ìyẹn ìyẹ̀fun akọ tó ń mú òdòdó di èso. Ẹ̀kẹta ni takọtabo: òdòdó kan ṣoṣo ló kó méjèèjì pọ̀, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ gùn, lẹ́búlẹ́bú sì yí i ká. Èso abo máa ń rí roboto, ti takọtabo máa ń gùn gbọọrọ.

Takọtabo yìí ló ń sọ ìṣó di olóògùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, tí oòrùn mú ganrín tí ilẹ̀ sì gbẹ, òdòdó rẹ̀ máa ń sọ ẹ̀yà abo nù. Ẹ já ọ̀kan lásìkò yẹn, kí ẹ fi abẹ là á ní òòró. Ibi tó yẹ kí ọmọ wà, ẹ̀ún tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìdí abẹ́rẹ́ ni ẹ máa bá níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú nìkan ló pé. Irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ò lè di èso. Ó máa já bọ́ ni. Onílé máa rí i nílẹ̀ láràárọ̀, á ní akọ ni, á mú ìṣó ínǹṣì 4, á kàn án mọ́ igi. Òjò àkọ́rọ̀ á dé, ilẹ̀ á rọ, ooru á dínkù, òdòdó tuntun á yọ pẹ̀lú ọmọ nínú. Láàárín oṣù mélòó kan, igi ti kún fọ́fọ́. Òjò ló ṣe iṣẹ́ náà, ìṣó ni wọ́n máa dárúkọ.

Ẹni tó bá sì kan ìṣó kì í fi igi kejì sílẹ̀ láìkàn kó lè fi wéra. Ẹ wá igi 2 tí òdòdó wọn jọra, lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ kan ìṣó mọ́ ọ̀kan, ẹ fi ìkejì sílẹ̀, ẹ máa bomi rin méjèèjì bákan náà títí òjò á fi rọ dáadáa. Bó bá jẹ́ pé èyí tí ẹ kàn nìkan ló so, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Títí di ìgbà náà, ẹ̀rí kò tíì sí.

A ò sọ pé akọ gidi kì í so rárá o. Nígbà mìíràn tí ojú ọjọ́ bá yí padà, ó lè so díẹ̀ sí ṣóńṣó okùn rẹ̀, kéékèèké, tí wọ́n á máa fì. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò kan ìṣó mọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú kóró ni akọ tàbí abo ti wà kó tó hù, òòlù ò dé ibẹ̀. Ti pé kóró funfun ni akọ, kóró dúdú ni abo: èyí tó funfun tó sì léfòó, kò gbó ni.

Inú kóró náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú kóró látinú èso gígùn: nínú 3 tó bá hù, 2 sábà máa ń jẹ́ takọtabo, 1 á jẹ́ abo, àfi bí lẹ́búlẹ́bú akọ aládùúgbò bá yọ́ wọlé. Ti èso roboto tí lẹ́búlẹ́bú akọ mú so máa ń pín sí ìlàjì akọ, ìlàjì abo. Torí náà ẹ gbin 4 sójú kan, kò wọ́pọ̀ kí gbogbo wọn jẹ́ akọ. Ẹ fọ awọ yọ̀ọ̀rọ̀ ara kóró kúrò, torí kì í jẹ́ kó tètè hù. Ẹ sá a síbòji, kí ẹ sì rì í sílẹ̀ bí oríkèé àtàǹpàkò kan. Tí wọ́n bá tanná, bí oṣù 5 sí 8, ẹ wo òdòdó wọn, kí ẹ wá fi èyí tó dáa jù sílẹ̀. Tó bá jẹ́ abo nìkan ni ẹ ní, akọ 1 tó fún bí abo 10, ti aládùúgbò sì lè ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn tó ní orísun, kó béèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Ìṣin, n’Ìbàdàn. Èso àti ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ wọn láti 1975.

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣó yẹn gan-an. Igi ìbẹ́pẹ rọ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ibi tí ìṣó gbà wọlé ni omi àti ìdíbàjẹ́ ń gbà wọlé, àtìgbà tí èso bá sì ti wúwo lórí, ibẹ̀ ni ìjì máa ti ṣẹ́ ẹ. Àwọn tó ń bẹ́ orí rẹ̀ lásìkò òjò náà, ẹ gé e kó dagẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá so ojú ọgbẹ́ náà, torí ihò inú igi máa gbomi dúró, á sì jẹrà wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ ta sójú.

Igi tó bá ń já òdòdó lóṣù kẹta, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì 1 ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń fẹ́, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, àti koríko gbígbẹ nídìí rẹ̀ tí kò kan ara igi. Ẹ má gé e kí oṣù kẹfà tó parí.