Ẹ má fín oògùn nítorí ọ̀kùn

Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, mo ti mọ ìpè tó ń bọ̀: "Ẹ gbà wá o, ọ̀kùn ti gba gbogbo ògiri wa." Oògùn kòkòrò ni mo ń fín jẹun, síbẹ̀ iṣẹ́ ọ̀kùn ni mo máa ń kọ̀ jù.

Ọ̀kùn kò wá oúnjẹ wọlé yín. Ewé tó ti ń rà àti igi tó ti jẹrà ló ń jẹ, òun ló ń sọ wọ́n di ilẹ̀dú. Omi ló gbé e gun ògiri. Èèpo ara rẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ kò ní ọ̀rá tó ń dá omi ara dúró bíi ti aáyán, oòrùn tètè ń gbẹ ẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń sá sábẹ́ ewé tútù. Bẹ́ẹ̀, àwọn ihò tó fi ń mí wà nísàlẹ̀ ara, nítòsí ẹsẹ̀. Bí omi bá kún ilẹ̀, àfi kó sá jáde.

Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? A ní igba ni. Oríkèé ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí díẹ̀ níwájú, ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mẹ́fà péré ni ọmọ rẹ̀ sábà máa ń ní tí ẹyin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bó ṣe ń bọ́ awọ ni oríkèé ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan láti Ọsirélíà tó ní ẹsẹ̀ 1,306. Inú ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n ti rí i, kò tilẹ̀ lójú.

Ẹ kó ewé jíjẹrà kúrò nídìí ògiri, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ fi pákó kó àwọn tó ti wọlé lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé sílé tó gbẹ kì í pẹ́ kú.

Kì í bùni jẹ, kì í tani. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ká jọ, omi pupa rúsúrúsú á sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó gùn roboto, kẹ́míkà tó ń jẹ́ benzoquinone ló wà nínú omi náà: ó ń rùn, ó ń ta, ó sì ń pa awọ láró bíi làálì tó ṣókùnkùn. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n náà lè pẹ́ díẹ̀, ẹ má fi kànrìnkàn bó ara yín. Ojú nìkan ni mi ò gbà kí ẹ fi ṣeré: bí ọmọ bá fi ọwọ́ yẹn nujú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, kí ẹ gbé e lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an.