Odò Seine ni aago ìyára bàálù ti ṣẹ̀ wá

Bí aago ìyára méjì bá wà nínú bàálù kékeré kan, tí ọ̀kan ń sọ 80, tí èkejì ń sọ 95, aago ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ aago yìí, ọ̀rọ̀ odò ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, torí inú odò ni wọ́n ti bí i, ó sì lé ní 170 ọdún lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni tó fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fò.

Henri Pitot ló bí i, ọmọ ìlú Aramon ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bí ní 1695. Kò fẹ́ràn ìwé rárá nígbà èwe rẹ̀. Iṣẹ́ ológun ló kọ́kọ́ wọ̀, àfìgbà tó rí ìwé jiọ́mẹ́tírì kan rà ní Grenoble tí ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó gba Paris lọ, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọba ní 1724. Láyé ìgbà náà, ohun tí àwọn onímọ̀ omi gbà ni pé bí odò bá ṣe jìn tó ni omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yára tó. Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá ta Pitot lólobó pé kò rí bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ tó ń kó igi ìdáná, ọkà àti wáìnì wọ Paris kún orí Seine nígbà náà, àwọn tó ń tù wọ́n kò sì lè ṣàì mọ ìwà omi nísàlẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn bàbá tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níhìn-ín ní Benin, tàbí lórí odò Wẹ́mẹ̀ nígbà tí omi bá kún lóṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n bá ti ọ̀pá bọ omi tí kò tíì kanlẹ̀, òkè rẹ̀ ni omi máa ń gbá lọ jù, ìsàlẹ̀ a máa rọlẹ̀. Wọn kò kà á nínú ìwé kankan, ọwọ́ wọn ló sọ fún wọn. Ẹni tó ń gbé ìlú tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, tó sì ń wá ìmọ̀ omi kiri, mo gbà pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àwọn òpìtàn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, ó sì máa ń dùn mí.

Ohun tó ṣe, bó ti wù kó rí, hàn gbangba. Ó mú ọ̀pá igi kan, ó so páìpù gíláàsì méjì mọ́ ọn. Ọ̀kan tọ́ gbọnrangandan, ẹsẹ̀ èkejì tẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Nígbà tó tì í bọ Seine, omi gòkè nínú èyí tó tẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìyàtọ̀ gíga àwọn méjèèjì ló sì fi mọ ìyára omi. Bí omi bá ń sáré mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyàtọ̀ náà a tó sẹ̀ntímítà 5. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, kì í ṣe 10 ni yóò jẹ́, 20 ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1732 ló gbé e síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀, ó sì fi hàn wọ́n pé eré omi ń dín kù ni bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Páìpù méjì ni, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan ń gba ìkọlù omi tó ń bọ̀, èkejì ń sọ ibi tí omi dúró sí láìsí ìkọlù. Títí dòní, méjèèjì náà ló wà lára bàálù: ọ̀pá tó kọjú sí atẹ́gùn lábẹ́ apá, àti ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Omi ni Pitot bá lò títí ó fi kú ní 1771. Òun ló ṣe ọ̀nà omi orí afárá tó gbé omi wọ Montpellier. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Henry Darcy, ọmọ Dijon, tún irinṣẹ́ náà ṣe: ó fi ohun tí a fi ń ti páìpù sí i kí omi má baà sọ̀ kalẹ̀ kí a tó kà á.

Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, torí pé Dines, onímọ̀ ojú ọjọ́ wọn, fi páìpù wọn eré atẹ́gùn ní 1892. Ọ̀pá Pitot náà ló gbé dúró sínú afẹ́fẹ́. Àwọn mìíràn á dárúkọ àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fò. Ohun tó wà lára bàálù wọn ní 1903 jẹ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré tí atẹ́gùn ń yí, ilé iṣẹ́ Richard ní Paris ló sì ṣe é. Ti Étévé, ọ̀gá ológun Faransé, jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń tì. Prandtl ará Jámánì kó ihò méjèèjì sára ọ̀pá kan, a kí i. Ṣùgbọ́n Raoul Badin ará Faransé ló gbé aago rẹ̀ jáde ní 1911, ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ bàálù tó ń sọ Faransé, títí kan tiwa ní Benin, fi ń pe aago ìyára ní badin.

Ìyókù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi iná sínú ọ̀pá kí yìnyín má baà dí i, wọ́n fi aago kejì kún un, lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Síbẹ̀ ní 1996, bàálù ilé iṣẹ́ Birgenair já sínú òkun nítòsí Puerto Plata ní Dominican Republic, ènìyàn 189 kú, wọ́n sì fura pé agbọ́n ló kọ́lé sínú ọ̀pá. Lọ́dún kan náà, ti Aeroperú já nítorí lẹ́ẹ̀mọ́ tí wọn kò yọ kúrò lójú ihò ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fọ bàálù. Ní 2009, yìnyín dí ọ̀pá bàálù Air France 447, ènìyàn 228 lọ sí i.

Wàyí o, ká ní bàálù kékeré kan wà ní pápá Ṣábẹ̀, tí aago rẹ̀ méjèèjì ń jiyàn. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sójú wọn. Bàálù Robin ti Faransé sábà máa ń ka kìlómítà, Cessna àtijọ́ ń ka máìlì, àwọn yòókù ń ka nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì 100 sì jẹ́ kìlómítà 185 ní wákàtí kan. Bí ẹyọ kan náà ni wọ́n ń kà, ẹ yẹ ihò wò. Agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé kì í fi ihò sílẹ̀ lágbègbè yẹn, eruku ọyẹ́ náà ń bẹ. Bí iwájú ọ̀pá nìkan bá dí, aago yóò lọ sí òdo. Bí ihò tí omi ń gbà jáde lára rẹ̀ bá dí pẹ̀lú, aago á máa ròkè bí bàálù bá ṣe ń gòkè. Bí ihò ẹ̀gbẹ́ ló bá dí, aago á máa sọ eré tó dín bí ẹ bá ń gòkè, á sì máa sọ àsọdùn bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Bí kò bá sí èyí tó dí, ẹ padà sọ́dọ̀ Pitot. Ẹ mú rọ́bà funfun tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà U, ẹ da omi tí ẹ ti pa láró sí i, kí ẹ so ẹnu kan mọ́ ọ̀pá bàálù pinpin. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kejì sókè. Nígbà tí ìyàtọ̀ omi bá pé sẹ̀ntímítà 16 àbọ̀, aago méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ nọ́ọ̀tì 100. Bó bá jẹ́ 4 lé díẹ̀, kí wọ́n sọ 50. Èyí tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ló ṣàìsàn. Bí méjèèjì bá sọ òótọ́ nílẹ̀, tí wọ́n tún ń jà lókè, ìdí ọ̀rọ̀ wà ní ìhà ihò ẹ̀gbẹ́. Bí omi bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, páìpù kan ń jò, ìdí ìsopọ̀ ẹ̀yìn aago ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ọ̀pá náà nígbà tí aago ṣì wà lára rẹ̀ o, èémí ènìyàn tó láti fa aago ya.