The Voice ní ọdún 2016 (Nàìjíríà àti Áfíríkà elédè Faransé)

Ọdún 2016 ni ìdíje orin kíkọ orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní The Voice bẹ̀rẹ̀ sáà kìíní ẹ̀dà méjì tó kan àwọn Yorùbá ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. The Voice Nigeria, tí wọ́n ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. The Voice Afrique francophone, tí wọ́n ṣe lédè Faransé, tẹ̀lé e nígbà tí ọdún ń lọ sópin. Ìwé ọmọ-ìlú ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ gbé e sí ọ̀dọ̀ elédè Faransé. Èdè ilé àti orin tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ sì ń fà á sí ọ̀dọ̀ Nàìjíríà.

Ìpìlẹ̀

Ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni ìdíje náà ti ṣẹ̀. John de Mol ló dá a sílẹ̀, ìkànnì RTL 4 sì gbé The Voice of Holland jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010. Ìkànnì NBC ní Amẹ́ríkà gbà á ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, TF1 ní ilẹ̀ Faransé sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2012.

Ìgbọ́hùn láìwojú

Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń dá ìdíje yìí mọ̀ níbi gbogbo. Olùkọ́ mẹ́rin á jókòó sórí àga pupa ńláńlá, wọ́n á kẹ́yìn sí orí ìtàgé. Bí akọrin bá wọlé, wọn kò ní mọ̀ bóyá ó ga tàbí ó kúrú, bóyá aṣọ ọrùn rẹ̀ yẹ ẹ́ tàbí kò yẹ ẹ́. Ẹni tí ohùn náà bá wọ̀ lára á tẹ bọ́tìnì iwájú rẹ̀, àga á sì yí. Bí orin bá parí tí àga kankan kò yí, akọrin náà ti padà sílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àga méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá yí, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé: akọrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lánàá ló máa yan olùkọ́ tó wù ú, àwọn gbajúmọ̀ á sì máa fi ẹnu dídùn bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló dùn ún wò jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfigagbága, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà méjì ti jọ ń kọ orin kan ṣoṣo kí olùkọ́ wọn tó mú ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbò àwọn òǹwòran, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìdíje orin yòókù.

Kí ojú fara pamọ́ kí ohùn sì máa ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní Kétu, níbi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ti sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń jáde. Á gbé igi gbígbẹ́ sórí, á daṣọ bojú, á kọ́kọ́ júbà àwọn òrìṣà, àwọn ìyá àti àwọn àgbà, kó tó mú orin tó máa fi bú ọ̀bàyéjẹ́ tàbí fi ẹni tó ṣe dáadáa yangàn. Àwọn èrò á gba ègbè lẹ́nu rẹ̀. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún pàtàkì ní ọdún 2001, ó sì wọ inú àkójọ ogún aráyé ní ọdún 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì pọ̀, pàápàá lára orin fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ tuntun tó gbẹnu Ẹ̀fẹ̀ jáde ni ará ìlú ń wọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé orin olórin ni àwọn olùdíje The Voice sábà máa ń kọ.

Sáà Nàìjíríà

Ìkànnì Africa Magic ló gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ fóònù Airtel sì wà lára àwọn onígbọ̀wọ́. 2Baba, Waje, Patoranking àti Timi Dakolo ni olùkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. IK Osakioduwa àti Stephanie Coker ni atọ́kùn. Nínú àwọn olùkọ́ náà, Timi Dakolo nìkan ló ti dúró níbi tí àwọn olùdíje dúró sí rí, nítorí òun ló gba Idols West Africa ní ọdún 2007. Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀.

A'rese Emokpae, láti inú ẹgbẹ́ Waje, ló gbégbá orókè ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2016. Ó gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti àdéhùn ìgborin sílẹ̀ pẹ̀lú Universal Music. Ṣùgbọ́n Chike, tí kò borí, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lẹ́yìn náà, pàápàá nígbà tí àwo rẹ̀ Boo of the Booless jáde ní ọdún 2020.

Sáà elédè Faransé

VoxAfrica, ìkànnì tó ń sọ èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé èyí jáde. A'Salfo ti ẹgbẹ́ Magic System láti Côte d'Ivoire, Charlotte Dipanda láti Kamẹrúùnù, Lokua Kanza láti Kóńgò-Kinshasa, àti Singuila, olórin R&B láti ilẹ̀ Faransé, ni olùkọ́. Johannesburg kan náà ni wọ́n ti ṣe é. Pamela Baketana ló borí.

Ààlà àti èdè

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ló pín àwọn Yorùbá ibẹ̀ sí méjì, ìdíje náà sì kàn tẹ̀lé ìlà yẹn ni. Àtìgbà tí ọmọ Àjàṣẹ́ ti wọ ilé-ìwé ni èdè Faransé ti wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ A'Salfo yé e yékéyéké. Ṣùgbọ́n fíìmù Yorùbá, fújì àti orin ìgbàlódé láti Èkó ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tí 2Baba jẹ́ fún un. Ní ti Airtel, kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Bẹ̀nẹ̀ rárá. Àwọn tó ń lò ó níbẹ̀ kò ju ẹni tó bá ní káàdì fóònù orílẹ̀-èdè méjèèjì lápò, bíi ti ọ̀pọ̀ oníṣòwò ẹnubodè.

Èdè Yorùbá kọ́ ni èdè ẹ̀dà kankan nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé olórin Bẹ̀nẹ̀ kì í fi Yorùbá kọrin. Gnonnas Pedro, tó kú ní ọdún 2004, fi í kọrin mọ́ Mina, Fọ̀n àti èdè mìíràn. Angélique Kidjo náà ń fi í kọrin, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní oṣù Kejì ọdún 2016 gan-an.

Sáà tó tẹ̀lé e

Victoire Biaku, ọmọ Tógò, ló borí ní sáà kejì ti elédè Faransé. Idyl ló borí ní ti Nàìjíríà ní ọdún 2017. Nàìjíríà kò ní sáà mìíràn títí di ọdún 2021, nígbà tí Esther Benyeogo borí. Èkó ni wọ́n ti ṣe sáà kẹta yìí, ọ̀nà rẹ̀ sí Àjàṣẹ́ kò sì tó ti Ìbàdàn.