Kí Ìwẹ̀fà Má Ṣe Wí Pé Igi Gbígbẹ Ni Òun

Ní ọ́fíìsì kékeré tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí mo ti ń gba àwọn ẹbí ní ìmọ̀ràn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ìyá àgbà kan jókòó níwájú mi pẹ̀lú ọmọ tuntun tí kò tíì pé ọjọ́ márùn-ún lórí itan rẹ̀. Ìyá ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń ká etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka. Ìbéèrè ìyá àgbà kò gùn rárá: "Bàbá Àlùfáà, ọjọ́ wo ni kí a sọ ọmọ yìí lórúkọ?" Ẹni tí a bí nílé Yorùbá yóò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni a ń sọ ọmọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì, kí ó tó di pé gbogbo wa fẹnu kò sí ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí agbẹ̀bí tú aṣọ ọmọ yìí wò, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé akọ ni tàbí abo.

Ohun tí kì í ṣe ti Bíbélì ni mo kọ́kọ́ sọ fún wọn, nítorí pé òun ni kò lè dúró: kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní dókítà àwọn ọmọdé lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn dókítà kọ́ mi pé, nínú àwọn ọmọ tí a bí báyìí, àwọn kan wà tí iyọ̀ ń bá ìtọ̀ jáde lára wọn láìsí ẹni tí ó fura, tí èébì àti gbígbẹ omi ara sì lè pa wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ń fi ẹ̀mí ọmọ ṣeré. Ìgbà tí mo parí èyí ni ìyá ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí mi, tí ó béèrè tirẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ mọ irú ọmọ yìí?"

Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti ẹnu Jésù dárúkọ irú rẹ̀. Nínú Mátíù 19:12, Jésù pín àwọn ìwẹ̀fà, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá tàbí tí wọn kì í bímọ, sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí a bí bẹ́ẹ̀ láti inú ìyá wọn wá, àwọn tí ènìyàn sọ di ìwẹ̀fà, àti àwọn tí ó sọ ara wọn di ìwẹ̀fà nítorí ìjọba ọ̀run. Èyí àkọ́kọ́ ni a máa ń sáré kà kọjá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò ya àwọn Júù ìgbà náà lẹ́nu, nítorí pé nínú Míṣínà, ìwé tí àwọn rábì fi kó òfin àtẹnudẹ́nu wọn jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, orúkọ wà fún ẹni tí a kò lè mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, wọ́n ń pè é ní tumtum, orúkọ sì wà fún ẹni tí ara rẹ̀ ní ti akọ àti ti abo pọ̀, wọ́n ń pè é ní androginos. Wọ́n jiyàn títí lórí òfin tí ó kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti èyí tí kò kàn án, ṣùgbọ́n wọn kò jiyàn pé ènìyàn ni. Ẹni tí a bí bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Jésù kò sọ pé ó ṣẹ̀. Ó kàn kà á mọ́ àwọn tí ó wà láyé ni.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ìwẹ̀fà, nítorí pé ilé wa ni a ti mú un. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ìwẹ̀fà kì í ṣe ẹni tí à ń fi ṣẹ̀sín. Ọ̀nà Ẹfà ń gbọ́ ẹjọ́ dípò Aláàfin, Ọ̀tún Ẹfà ń dúró fún un níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, Òsì Ẹfà sì ń ṣojú rẹ̀ nínú ìṣèlú. Nígbà tí àwọn tí ó sọ Bíbélì di Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, bá ọ̀rọ̀ Hébérù náà, saris, pàdé, wọ́n lè pè é ní òkóbó kí wọ́n sì máa lọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ oyè ni wọ́n lò. Mo mọ rírì rẹ̀ ju bí mo ti mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ àlùfáà, tí àwọn ọmọ kíláàsì Bíbélì mi rẹ́rìn-ín nígbà tí a kan ọ̀rọ̀ náà, tí èmi olùkọ́ wọn sì bá wọn rín in.

Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ bo ohun tí Bíbélì sọ mọ́lẹ̀ nítorí àánú. Diutarónómì 23:1 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹni tí a fọ́ ní kóró tàbí tí a gé ẹ̀yà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ Olúwa. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ tí ó sì pa ìwé náà dé yóò lọ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì lọ́kàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni a kì í sábà kà pọ̀ mọ́ ọn. Nínú Àìsáyà 39:7, wòlíì sọ fún Hesekáyà ọba Júdà pé a óò kó nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, wọn yóò sì di ìwẹ̀fà ní ààfin ọba Bábílónì. Ìyẹn ni pé ọ̀dọ́ Júdà wà tí wọ́n fi tipátipá sọ di ẹni tí òfin Mósè tilẹ̀kùn mọ́. Nígbà tí Kírúsì ọba Páṣíà gbà kí ìgbèkùn padà wálé ní ọdún 538 ṣáájú ìbí Kristi, kí ni irú wọn yóò bá nílé? Ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Àìsáyà 56 ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: "Kí ìwẹ̀fà kí ó má ṣe wí pé, Wò ó, igi gbígbẹ ni mí." Lẹ́yìn èyí ni Olúwa ṣèlérí pé òun yóò fún wọn ní ipò nínú ilé òun, àti orúkọ tí ó dára ju ti àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ, orúkọ àìnípẹ̀kun tí a kì yóò ké kúrò.

Nínú Hébérù, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa pè ní "ipò" níbẹ̀ ni yad, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọwọ́, tí ó sì tún ń jẹ́ ọwọ̀n ìrántí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a lò fún ọwọ̀n tí Ábúsálómù gbé nàró fún ara rẹ̀ nínú 2 Sámúẹ́lì 18:18, nígbà tí ó sọ pé òun kò ní ọmọkùnrin tí yóò mú kí a máa rántí orúkọ òun. Yorùbá tí ó bá ti gbàdúrà rí pé kí orúkọ òun má parẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun. Ábúsálómù fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ̀n tirẹ̀ ró. Ti ìwẹ̀fà, Ọlọ́run ló ní òun yóò gbé e ró, nínú ilé òun, kì í ṣe lẹ́yìn odi. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kò sọ pé òun yóò kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọlọ́mọ. Bí wọ́n ti wà ni wọ́n ṣe wọlé.

Àwọn kan máa ń bi mí pé báwo ni Ọlọ́run tí kò yí padà ṣe lè ṣí ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ tì. Ohun tí mo máa ń fi dá wọn lóhùn ni orúkọ àánú náà. Ọ̀rọ̀ Hébérù fún ìyọ́nú, rahamim, bá rehem tan, èyí tí í ṣe ilé ọmọ. Ti Gíríìkì tí a lò fún Jésù nígbà tí ó rí ọ̀pọ̀ ènìyàn bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́ wá láti inú ọ̀rọ̀ fún ìfun àti ẹ̀dọ̀. Yorùbá tiwa kò sì jìnnà: inú ló yọ́, a sì pè é ní ìyọ́nú. Nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ara ni àánú ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí abiyamọ ti ń gbọ́ igbe ọmọ kí ó tó mọ̀ pé òun ti dìde.

Ìwẹ̀fà kan sì wà tí òun gan-an fi ìyọ́nú han wòlíì. Nínú Jeremáyà 38, wọ́n ti sọ Jeremáyà sínú kòtò tí kò sí omi bí kò ṣe ẹrẹ̀, ó sì ń rì. Ebedi-Meleki, ìwẹ̀fà ará Kúṣì ní ààfin, lọ bá ọba ní gbangba, ó gba àṣẹ àti ọgbọ̀n ọkùnrin. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé kòtò náà, ó kọ́kọ́ yà sí abẹ́ ilé ìṣúra, ó ṣa àkísà àti aṣọ gbígbó níbẹ̀, ó fi okùn sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó sì sọ fún Jeremáyà pé kí ó tẹ́ wọn sí abíyá rẹ̀ lábẹ́ okùn. Ọgbọ̀n ọkùnrin lè fa ènìyàn jáde kí okùn sì bó o lára. Ẹni tí ó ronú kan abíyá ni ẹni tí irin ti kan ara tirẹ̀ rí. Mo ti wàásù lórí Jeremáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àkísà yẹn tó dá mi dúró. Nínú orí 39, Olúwa ránṣẹ́ sí ìwẹ̀fà náà pé òun yóò gbà á là ní ọjọ́ tí ìlú bá ṣubú.

Ti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8 ni a mọ̀ jù, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwẹ̀fà kan tí ó jẹ́ akápò Kandake, oyè tí àwọn ayaba Méróè ń jẹ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Sùdáànì lónìí, ti lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù, ó sì ń padà ní ọ̀nà Gásà. Àìsáyà 53 ni ó ń kà, ibi tí ó béèrè pé ta ni yóò sọ̀rọ̀ ìran ẹni tí a gba ẹ̀mí rẹ̀ kúrò ní ayé. Ìbéèrè ẹni tí kò lè bímọ nìyẹn. Bí ó bá tú ìwé náà síwájú díẹ̀ sí i, yóò kan igi gbígbẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ Fílípì, ajíhìnrere tí ó wá bá a lójú ọ̀nà, pé, "Wò ó, omi nìyí; kí ni ó dá mi dúró láti ṣe ìrìbọmi?" Fílípì mọ Diutarónómì, ó lè tọ́ka sí i. Ńṣe ni àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sínú omi.

Ó di dandan kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé àti ibi tí kò dé. Ìwẹ̀fà inú Bíbélì àti ẹni tí ó ń sọ lónìí pé ọkàn òun kò bá ara tí a bí òun sí mu kì í ṣe ọ̀kan náà, ọmọ tí ìyá àgbà gbé wá sì tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Àwọn Kristẹni kò fẹnu kò. Àwọn kan di Jẹ́nẹ́sísì 1:27 mú, pé akọ àti abo ni ó dá wọn, àti Diutarónómì 22:5 lórí aṣọ, púpọ̀ nínú ìjọ wa ní Èkó sì wà níbẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àlùfáà wọn ní ìlànà ní ọdún 2018 láti fi ìsìn gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá ara tí a bí i sí mu. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Vatican sọ ní ọdún 2023 pé a lè ṣe ìrìbọmi fún un bí kò bá ní dá ìkọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún kọ̀wé ní ọdún 2024 láti ta ko yíyí ẹ̀yà ara padà, àfi ti ẹni tí a bí pẹ̀lú ìṣòro ní ẹ̀yà náà. Ní tèmi, akọ àti abo inú Jẹ́nẹ́sísì kò ju ilẹ̀ àti omi inú orí kan náà lọ: Ọlọ́run yà wọ́n sọ́tọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní etí ọ̀sà ní Mákòókó, níbi tí ilé dúró lórí omi, kò ní sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èyí kò yanjú gbogbo àríyànjiyàn, n kò sì sọ pé ó yanjú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé kò sí ibì kankan tí Jésù ti ní kí a kọ́kọ́ tú ènìyàn sí ìhòòhò wò kí a tó fún un ní àyè jókòó.

Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí òdìkejì rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan wá bá mi láti ìjọ kan ní agbègbè yìí, níbi tí wọ́n ti gbé e sí iwájú ìjọ ní ìsọ̀ òru, tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ lù ú pé ẹ̀mí obìnrin wà lára rẹ̀, tí ẹnì kan sì ń fi fóònù ya fídíò. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó lè jókòó nínú ilé ìsìn èyíkéyìí kí ó má wo ilẹ̀kùn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bá yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ má sọ àṣírí rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìjọ láìjẹ́ pé ó fún yín láyè, ẹ má sì pè é ní orúkọ tí ó ń dùn ún. Lákiribóto àti òkóbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ lẹ́nu ẹni tí ó ń gba ara Olúwa.

Àwọn ẹbí náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Iyọ̀ ara ọmọ náà wà bí ó ti yẹ, àyẹ̀wò tí ó kù yóò gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kò dúró de èsì kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni a mú, orúkọ tí wọ́n yàn sì jẹ́ èyí tí ọkùnrin ń jẹ́ tí obìnrin ń jẹ́, irú èyí tí ó kún ilé Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí "ó" inú èdè wa kò ti béèrè akọ tàbí abo kí ó tó sọ̀rọ̀ ènìyàn. Ní yàrá wọn ní òpópónà ẹ̀yìn ọjà Òyìngbò, oyin, iyọ̀, atare àti obì wà lórí tábìlì, ìyá ọmọ náà kò kọjú sí ògiri mọ́. Mo ka Àìsáyà 56 dé ibi orúkọ àìnípẹ̀kun. Kí n tó sọ pé àmín, ìyá àgbà ti gbé ife gíláàsì náà sún mọ́ mi. Ó ní, "Omi rèé, Bàbá Àlùfáà."